Ara mi máa ń gbọ̀n ní bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ: kí ni kí n máa jẹ?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń wá ìmọ̀ràn àwọn tí irú èyí ti ṣe rí. Aṣọ ni mò ń rán ní Ìbàdàn. Bí mo bá jẹun ọ̀sán ní nǹkan bí aago méjìlá, ara mi á yá gágá. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́ta, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé mi ò ní lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òógùn tútù á bò mí, àyà mi á máa lù kìkìkì, ebi á sì máa pa mí bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Nígbà míì òòyì á kọ́ mi, ohun tí oníbàárà ń sọ kò ní yé mi mọ́. Tí mo bá mu mínírà tútù kan, kò ní pẹ́ tí ara á fi balẹ̀. Tó bá tún ṣe díẹ̀, ó tún dé.

Wọ́n yẹ ṣúgà mi wò láàárọ̀ láìjẹun, 88 ni. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà, wọ́n ní rárá. Aládùúgbò mi kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n máa mu àgbo. Òmíràn ní ọwọ́ ayé ni, kí n lọ rí wòlíì.

Tíì àti búrẹ́dì ni mo máa ń jẹ láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ìrẹsì funfun tàbí ẹ̀bà pẹ̀lú ẹran kan. Alẹ́, ohun tó bá wà. Ọmọ ọdún 36 ni mí, mi ò lóyún, mi ò sì lo oògùn kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Aránṣọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ayé dẹ́rù bà yín. Ohun tí ẹ sọ yìí jọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń já wálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Reactive hypoglycemia ni àwọn dókítà ń pè é. Láàárín wákàtí méjì sí márùn-ún lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń dé. Ìdí nìyẹn tí 88 tí wọ́n rí láàárọ̀ láìjẹun kò fi lè sọ nǹkan kan fún yín nípa aago mẹ́ta ọ̀sán.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Búrẹ́dì funfun, tíì oníṣúgà, ìrẹsì funfun, kíá ni wọ́n ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá ṣàdédé gòkè báyìí, pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, á tú ínsúlínì jáde kó lè kó ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Lára àwọn kan, ínsúlínì yìí á pẹ́ kó tó dé, á sì wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Oúnjẹ á ti dà tán, ínsúlínì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ni ṣúgà á bá lọ sílẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ara á figbe ta, á tú ádírẹ́nálíìnì jáde. Òun ló ń fa gbígbọ̀n, òógùn àti àyà lílù yẹn. Mínírà tí ẹ ń mu á tún gbé ṣúgà gòkè lójijì, ínsúlínì á tún tú jáde, lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì ẹ tún ti padà sí ibi tí ẹ wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé òun ni. Ẹ wá mítà tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò, ẹ gbé e sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún kó gbẹ, kí ẹ tó gún ìka. Fífọ ọwọ́ yẹn ṣe pàtàkì: tí omi ọsàn tàbí mínírà bá wà lórí ìka, mítà á ka ṣúgà tó wà lórí awọ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀, ẹ ò sì ní mọ òótọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ẹ kọ aago, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ kẹ́yìn àti aago tí ẹ jẹ ẹ́.

Fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, tí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ 55 mg/dL pẹ̀lú àwọn àmì wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láti àwọn ọdún 1930 ni Allen Whipple, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ti fi ohun mẹ́ta lélẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀: kí àmì wà, kí ṣúgà wà nílẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an, kí àmì náà sì lọ bí ṣúgà bá ti gòkè. Bí ara bá ń gbọ̀n tí nọ́ńbà sì dára, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ó lè jẹ́ thyroid, ẹṣẹ́ tó wà ní ọrùn, ó lè jẹ́ ìpayà. Ẹ má gbé e dání bẹ́ẹ̀ náà o, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Bí ṣúgà bá ń lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń tú èyí tó kó pamọ́ sílẹ̀, òun ló sì tún ń ṣe tuntun. Ọtí ń dí i lọ́wọ́ láti ṣe tuntun yẹn. Ọtí lórí òfìfo ikùn lè já ṣúgà ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá wálẹ̀.

Ìyá Olóúnjẹ

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ìdí àdògán. Ọmọ mi obìnrin ni èyí ń ṣe, èmi ni mo sì ń gbọ́únjẹ ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn kò ju gbólóhùn kan lọ: kó má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ afúnnilókun dá wọ inú ikùn òun nìkan. Bó bá jẹ búrẹ́dì, kí ẹyin tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ iṣu, kí ẹja àti ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e. Oúnjẹ amáradàgbà bí ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà, epo díẹ̀, àti ẹ̀fọ́ ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn, wọn kì í jẹ́ kó sáré di ṣúgà.

Tíì àti búrẹ́dì tí ẹ fi ń ṣí ẹnu láàárọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wo. Búrẹ́dì rírọ̀, tíì tí ẹ da mílíìkì aládùn àti ṣúgà sí, kò sí ohun tó máa dá a dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí búrẹ́dì kéré, bíi pelebe kan, kí ẹyin jẹ́ méjì, kí ẹ din ín pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ díẹ̀. Kí tíì wà láìní ṣúgà. Tàbí kí ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògì, mo fẹ́ kí ẹ fetí sí i dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀kọ mímu fúyẹ́, kò lè ṣe nǹkan. Nígbà tí a bá lọ àgbàdo, tí a da omi sí i, tí a fi aṣọ sẹ́ ẹ, èèrí ni a ń yọ sọ́tọ̀ fún ẹran jẹ. Èèrí yẹn ni èèpo àgbàdo, òun ló ní fáíbà, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ yára dà. Ohun tó kù nínú ìkòkò, tó funfun balau yẹn, kíá ni ń dà. Tí ẹ bá tún wá bu ṣúgà lé e, ẹ ti pe ohun tí ẹ ń sá fún wọlé. Ẹ máa mu ún níwọ̀nba, láìní ṣúgà, kí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tó ní láárí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀wà ni ọ̀rẹ́ yín. Ẹ̀wà tí a sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀ dára ju èyí tí a bó lọ, torí fáíbà wà lára èèpo, ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín àti àkàrà náà dára. Ẹ̀wà àti dòdò ńkọ́? Kí dòdò jẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀wà pọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rakọrakọ, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Èyí tí kò tíì pọ́n sàn jù.

Lọ́sàn-án, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja tán díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Ó ṣàjèjì sí wa torí òkèlè la fi ń mú ọbẹ̀. Ẹ fi ṣíbí jẹ ẹ̀fọ́ rírò yẹn díẹ̀ pẹ̀lú ẹja, lẹ́yìn náà ẹ wá mú òkèlè. Àwọn olùwádìí ní Weill Cornell ní New York tẹ iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2015 tó fi hàn pé ṣúgà kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá jẹ ẹ̀fọ́ àti amáradàgbà ṣáájú. Àwọn alátọ̀gbẹ ni wọ́n dán an wò lára wọn, ṣùgbọ́n dókítà ọmọ mi ní kóun náà máa ṣe é. Ó ti mọ́ ọn lára báyìí, kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé ìmọ̀ràn ni.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, kú ìṣẹ́. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Irú ara gbígbọ̀n yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rí kí wọ́n tó sọ fún mi pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà àtọ̀gbẹ. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò HbA1c fún mi, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún bí oṣù mẹ́ta. 6.1 ni. Láti 5.7 sí 6.4, ẹnu ọ̀nà ni. 6.5 sókè ni àtọ̀gbẹ. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n ṣe é fún yín. Kìkì pé bí ẹ bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, torí àyẹ̀wò yẹn kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú tiwa níbí, ẹ ó máa gbọ́ ọ pé kí ẹni tí ṣúgà ń dà láàmú fi ẹ̀bà sílẹ̀, kó máa jẹ àmàlà, torí pé àmàlà kò ní ṣúgà. Ó dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ. Àmàlà iṣu o, láfún o, ẹ̀bà o, fùfú o, iyán o, ṣítáàṣì ni gbogbo wọn, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú ikùn. Ìwọ̀n tí èèyàn bù àti ohun tó bù tì í ni ọ̀rọ̀ wà. Òkèlè tèmi kì í ju ìkúùkù mi lọ. Mo máa ń bu ọbẹ̀ ilá tàbí ẹ̀gúsí tó kún fún ẹ̀fọ́ sínú àwo ńlá, mo sì ń bu òkèlè sínú àwo kékeré. Nígbà tó jẹ́ pé òkèlè ló wà nínú àwo ńlá, mi ò mọ̀gbà tó ń tán.

Ohun kejì ni rírìn. Mo máa ń dìde bí mo bá jẹun tán, mo ń rìn yí ká àdúgbò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣan ẹsẹ̀ á máa lo ṣúgà náà bó ṣe ń wọlé, kò ní gòkè tó bẹ́ẹ̀, ínsúlínì kò sì ní tú jáde yàà. Ìwọ tó o ń jókòó sídìí máṣíìnì látàárọ̀, dìde kí o lọ kí àwọn aládùúgbò rẹ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ọ̀dọ́ Ifẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ó ń ṣe èmi náà, pàápàá lásìkò ìdánwò tí mo bá ń fi energy drink àti bisikíìtì kàwé mọ́jú. Ìbéèrè mi ni pé: tó bá ti dé, tí ara ti ń gbọ̀n, kí ni kéèyàn mú? Ẹ ní mínírà kò dáa, ẹ sì ní ṣúgà ló lọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo yín mọ ìdáhùn rẹ̀ ni. Tó bá ti dé, ṣúgà la ó lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba. Gíráàmù 15 tó. Ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà nínú omi, tàbí glúkóòsì onílẹ́búlẹ́bú ìwọ̀n kan náà, tàbí ìdajì ife mínírà. Kì í ṣe ìgò odidi: ìgò 50cl máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 50. Jókòó, dúró fún ìṣẹ́jú 15, tún yẹ ṣúgà wò. Bí kò bá tíì gòkè, lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ti gòkè, má fi mọ síbẹ̀. Jẹ ẹ̀pà, ẹyin, mọ́ínmọ́ín, tàbí wàrà díẹ̀ tẹ̀ lé e. Oúnjẹ kejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun sì ni kì í jẹ́ kó tún já.

Energy drink, fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ṣúgà àti kaféènì ló kún inú rẹ̀. Kaféènì fúnra rẹ̀ máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n kí àyà sì máa lù, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ṣúgà nínú ẹ̀.

Bí ẹnì kan bá dákú tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ìdí tèmi yàtọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún mi níbí ní London láti dín sísanra kù, èyí tí wọ́n ń pè ní gastric bypass. Ara kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, mo fọn. Nígbà tó ṣe, bí mo bá jẹ ìrẹsì, láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, ojú á ṣú mi. Wọ́n ní oúnjẹ ń kọjá láti ikùn kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ tààrà sínú ìfun, ṣúgà á gòkè fíofío, àwọn hómóònù ìfun bíi GLP-1 á sì ní kí ínsúlínì tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Èkó, ní Turkey tàbí níbikíbi, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè nípa èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Onímọ̀ oúnjẹ tó ń tọ́jú mi fún mi ní ìwọ̀n: afúnnilókun má ju gíráàmù 30 lọ lórí oúnjẹ kan, gíráàmù 15 fún ìpanu. Ó ní kí n má mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ, kí n dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ kékeré mẹ́fà lójúmọ́, ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Mo máa ń se mọ́ínmọ́ín, mo máa ń kó o sínú firísà. Òun ló gbà mí sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́, torí sáńwíìsì àti ìpápánu aládùn nìkan ló kún ibẹ̀.

Dókítà tún fún mi ní oògùn acarbose, tó ń fa oúnjẹ lẹ́sẹ̀ kó má yára di ṣúgà. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ èyí: bí ṣúgà bá já, ṣúgà lásán tí a fi ń mu tíì kì í tètè ṣiṣẹ́, torí oògùn náà ló ń dí i lọ́wọ́ láti dà. Glúkóòsì gan-an ni kó lò. Ó wà nínú àpò mi nígbà gbogbo.

Agbẹ̀ Òkè-Ògùn

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ ń sọ gan-an, ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ̀rọ̀ ṣúgà tó ń já, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé nípa iṣin. Iṣin tí kò tíì la fúnra rẹ̀ lórí igi ní májèlé kan nínú, hypoglycin, tó ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe ṣúgà. Èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣúgà á já pátápátá, ó sì ń pa ọmọ. Ní Jamaica tí iṣin ti dé láti ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n ti sọ ọ́ di oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n mọ àìsàn yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ kó la, ẹ yọ hóró dúdú àti fọ́nrán pupa inú rẹ̀ dànù, ara funfun nìkan ni ká jẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ ṣeun, Agbẹ̀. Òótọ́ ni. Kí n fi quinine kún un: ó ń mú ínsúlínì tú jáde, ó sì lè já ṣúgà wálẹ̀, pàápàá lára aláboyún tó ń gba ìtọ́jú ibà. Oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide náà, àwọn èèyàn máa ń yá ara wọn lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Alhaja Ìlọrin

As-salaamu alaykum. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ara mi kì í gbọ̀n nígbà tí mo bá gba ààwẹ̀. Lẹ́yìn ìṣínu ló ń dé, bíi àsìkò tí a bá ti kí àṣàmú tán. Ohun tí mo wá rí ni pé ìṣínu wa ló lóró: ògì oníṣúgà, sóbò dídùn, èso, àkàrà, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Báyìí, dàbínù mẹ́ta àti omi ni mo fi ń ṣínu, mo máa kírun, lẹ́yìn náà ni mo wá jẹun gidi, ẹ̀fọ́ àti ẹran ṣáájú. Sóbò mi kò ní ṣúgà, atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó ni mo fi ń sè é. Ní sààrì, ẹ̀wà àti ẹyin ni mo gbára lé, kì í ṣe tíì àti búrẹ́dì.

Bí dókítà bá sì ní kí ẹ má gbà á, ẹ má fi agídí ṣe é. Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, sọ ọ́ kedere pé kí aláìsàn san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á sanwó yín. Mo yá mítà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó dé lánàá, lẹ́yìn ìrẹsì funfun tí mo jẹ kí n lè dán an wò. Mo fọ ọwọ́, mo gún ìka: 51. Mo mu ṣúgà ṣíbí mẹ́rin nínú omi, ó di 83, mo wá jẹ ẹyin sísè méjì. Kò padà dé mọ́ títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Lónìí, mo jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja láàárọ̀, mo jẹ ẹ̀pà ní aago mẹ́wàá, kò sì dé rárá.

Àmọ́ òde ìgbéyàwó wà ní Sátidé, èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó, dandan ni kí n lọ. Ẹ mọ bí òde ṣe rí: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ìgò mínírà, èèyàn á jókòó títí kí oúnjẹ tó dé. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Olóúnjẹ

Ẹ kú orí ire, ẹ sì kú iṣẹ́ aṣọ ìyàwó! Ẹ má fi ebi lọ sóde. Ebi ló ń jẹ́ kéèyàn bọ́ sórí ìrẹsì bí ó bá ti dé. Ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín kan nílé. Ẹ fi ẹ̀pà sínú báàgì. Tí àwọn tó ń pín oúnjẹ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bẹ̀ wọ́n fún mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹran àti kóósìlọ́ọ̀, kí ìrẹsì jẹ́ ṣíbí ìbu-oúnjẹ kan. Ẹ̀yin lẹ rán aṣọ ìyàwó, wọn ò ní fi mọ́ínmọ́ín dù yín. Omi ni kí ẹ mu. Àti ijó! Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ bọ́ sójú agbo, ẹ jó dáadáa, ṣé ẹ rántí ohun tí Olùkọ́ sọ nípa rírìn.

Ohun tó ṣeé rà lójú pópó bó bá di dandan: bọ̀ọ̀lì tí kò pọ́n jù pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹja díndín, àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn, ọsàn tí ẹ jẹ pẹ̀lú èèpo funfun inú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ fún omi rẹ̀ mu. Gààrí mímu ńkọ́? Kí gààrí jẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀pà pọ̀, kí ṣúgà má sí níbẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

51 pẹ̀lú àmì, tó sì lọ nígbà tí ṣúgà gòkè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé. Ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí lọ fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kódà bí oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá mu omi glúkóòsì láti fi ṣe àyẹ̀wò, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè lo oúnjẹ gidi dípò rẹ̀. Omi glúkóòsì máa ń já ṣúgà àwọn kan tí ara wọn dá ṣáṣá wálẹ̀, ó lè ṣini lọ́nà. Àyẹ̀wò oníoúnjẹ, tí wọ́n á ti máa gba ẹ̀jẹ̀ yín fún bíi wákàtí márùn-ún, ló jọ ìgbésí ayé yín jù.

Ẹ má sì fojú kéré àwọn wọ̀nyí: bó bá dé lóru tàbí láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, bó bá dé lẹ́yìn iṣẹ́ agbára láìjẹun, bí ẹ bá dákú, bí ẹ bá ń fọn láìnídìí, bí ẹ bá ń sọ ìsọkúsọ tí ẹ kì í rántí. Ìyẹn kì í ṣe èyí tí à ń sọ níbí mọ́. Ó lè jẹ́ kókó kan lára pancreas tó ń ṣe ínsúlínì láìdúró, tàbí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́. Oúnjẹ kò lè wo ìyẹn. Ilé ìwòsàn ni tààrà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Aránṣọ, bí mọ̀lẹ́bí yín bá fi mítà ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó níbí, ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí 2.8 lójú rẹ̀ dípò 51. Mmol/L ni wọ́n ń lò níbí, mg/dL ni ẹ ń lò ní ilé. Ẹ fi 18 sọ iye tí ẹ rí di púpọ̀, ẹ ó rí ti ilé. Kí ẹ sì wo strip rẹ̀, pelebe tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, dáadáa kí ẹ tó gbà á: tí wọn ò bá ta irú rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n fi páálí rẹ̀ púpọ̀ kún un.